The Fix ti Scarface: kí ni etí yín bá pàdé nínú ẹ̀?

Baálẹ̀_Bíìtì: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá gbọ́. Oṣù kẹjọ 2002 ni The Fix, àwo Scarface, olórin rap ará Houston, jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Def Jam South, tí Scarface fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Àgbà ti dé sí i nígbà yẹn, ẹgbẹ́ ẹ̀, Geto Boys, ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tipẹ́. Ìwé ìròyìn hip-hop The Source fún un ní máìkì márùn-ún, òkè téńté ìwọ̀n wọn, ó sì gba ipò 4 lórí Billboard 200, àtẹ àwo ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ àwo yìí dunjú kó sọ ohun tó gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ó dùn", ẹ sọ ibi tó ti dùn.

Sùúrù_Lérè: Ó dùn.

Baálẹ̀_Bíìtì: Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Arólé45: Ohùn ni. Ohùn Scarface wúwo, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé. Kanye West ṣe bíìtì mẹ́ta níbẹ̀: In Cold Blood, Guess Who's Back àti Heaven. Ní Guess Who's Back, ohùn ẹgbẹ́ The Originals tó mú wá látinú orin wọn Sunrise wà lókè tín-ín-rín. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn ò fi èjìká gbá ara wọn. Ká ní olóhùn gooro ni wọ́n gbé sórí bíìtì yẹn, òun àti sample (ègé orin àtijọ́ tí wọ́n gbà lò) á máa du ibì kan náà, ẹni tó ń ṣe mixing, tó ń po ohùn pọ̀, á sì gé sample náà títí kò fi ní ku nǹkan kan.

Ọmọ_Ìta_Gbangba: Jay-Z àti Beanie Sigel náà wà nínú orin yẹn o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ìsàlẹ̀ ni ohùn Jay-Z náà wà?

Arólé45: Kò sí nísàlẹ̀, àmọ́ kò gooro. Tún un gbọ́, kí o wá fi ẹsẹ Jay-Z wé ti Scarface. Wàá rí i pé sample náà fẹ́ máa bá Jay-Z jìjàdù díẹ̀.

Ọmọ_Ìta_Gbangba: Mo ti tún un gbọ́. Irọ́ ni.

Ìyá_Àwo: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ "ohùn tín-ín-rín" lásán, eré sample ni Kanye mú yá kí ohùn ẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò ló sì wà ńbẹ̀. Tí àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan bá ń yí ní 45, eré ẹ̀ á di ìlọ́po 1.35. Orin tó ń lọ ní 70 BPM (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan) á di 94 àti díẹ̀, ohùn á sì gòkè ní semitone (ìdajì ìró) márùn-ún lé díẹ̀. Eré àti ohùn jọ ń lọ ni, ẹ ò lè gbé ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀. Sampler àtijọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lo sample, náà bẹ́ẹ̀: ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ tó ga jù, orin á sáré. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe ni pé wọ́n á tan time-stretch, eré á yí, ohùn ò ní yí, ìlù inú sample á wá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò dì. Wọ́n á wá ní "kò dún bíi ti Kanye". Ṣé ó yẹ kó dún bẹ́ẹ̀ ni?

Gbẹ̀du_Lódù: Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ará Houston ni wọ́n ń mú orin sáré fún! Ìlú DJ Screw, tó ń fa orin lórí kásẹ́ẹ̀tì bí ewédú.

Sùúrù_Lérè: 😂 bí ewédú

Ìyá_Àwo: Ọ̀nà kan náà ni, wọ́n kàn kọ̀yìn síra wọn ni. Screw dín eré kù, ohùn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn gbogbo ènìyàn fi máa ń dà bíi ti Scarface nínú kásẹ́ẹ̀tì Screw.

Àkànbí_Loop: Ẹ jọ̀ọ́, orin On My Block nínú àwo yìí. Píánò Be Real Black for Me ti Roberta Flack àti Donny Hathaway, 1972. Tí èèyàn bá gé e, tó fi ìlù sí i, yípo mẹ́rin lásán, ìlù àti píánò á ti fi ara wọn sílẹ̀. Kí ló fà á?

Arólé45: Báà mélòó, ìlù mẹ́rin mẹ́rin, lo gé?

Àkànbí_Loop: Mẹ́rin.

Arólé45: Ó pọ̀ jù. Èèyàn ló ń lù ú ní 1972, wọn ò lo click (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù), eré náà ń mí. Ká ní ìlù rẹ wà ní 90 BPM, báà mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10.67. Bí ibi tó o gé bá jẹ́ 10.72, àṣìṣe 0.05 ni ní yípo kọ̀ọ̀kan. Yípo mẹ́rin, ó di 0.2. Etí ọmọdé gan-an á gbọ́ ọ. Báà kọ̀ọ̀kan ni kó o gé, 2.67, kó o sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìka ti kan kọ́kọ́rọ́ gan-an, má ṣe gé e nínú ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú.

Gbẹ̀du_Lódù: Tó o bá fẹ́ tà á, àṣẹ méjì ni o: ti àwọn tó kọ orin, àti ti ilé iṣẹ́ tó ni téèpù tí wọ́n gba orin náà sí. Bí o bá gba ọ̀kan, o ò tíì gba nǹkan kan.

Ọmọ_Ìta_Gbangba: Ká padà sórí máìkì márùn-ún. The Source tó fún Lil' Kim ní márùn-ún ní 2005? Irú ìwọ̀n wo nìyẹn?

Baálẹ̀_Bíìtì: 2005 kọ́ ni 2002. Ní 1998 wọ́n fún OutKast, ní 2001 wọ́n fún The Blueprint ti Jay-Z àti Stillmatic ti Nas. Nínú agbo wọ̀nyẹn ni The Fix wọ̀.

Ọmọ_Ìta_Gbangba: Ní 2010 wọ́n tún fún Trill O.G. ti Bun B. Ẹ gbọ́ àwo yẹn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé òun àti The Fix jọ tó márùn-ún.

Gbẹ̀du_Lódù: Má fọwọ́ kan Bun B o. Ọkùnrin tó gbé UGK, ẹgbẹ́ òun àti Pimp C, léjìká lẹ́yìn ikú Pimp C, tó tún lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Rice University.

Ọmọ_Ìta_Gbangba: Olùkọ́ ni, mo gbà. Máìkì mẹ́rin.

Ìyá_Àwo: Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ fídíò On My Block. Kámẹ́rà ń yí po ní àdúgbò kan ṣoṣo, gbogbo ìgbà tó bá yí, ọdún á ti lọ síwájú, aṣọ á yí, mọ́tò á yí. Loop (ègé tó ń yí po) píánò yẹn náà ni, wọ́n fi ojú ṣe é.

Arólé45: Ah. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Àkànbí_Loop: Mo ti gé e sí 2.67. Ó ń sáré síwájú báyìí dípò kó máa pẹ́ lẹ́yìn.

Arólé45: O ti gé orí nótì ìbẹ̀rẹ̀ dà nù. Sún un padà díẹ̀.