Nọ́ńbà mẹ́fà tí màámi kà fún olè

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ló gbé mi wá. Lálẹ́ àná, ẹnìkan pe màámi ní Òkèlele, Ìlọrin, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn àsàlátù wọn lòun ti ń pè. Ó ní àwọn ń kó gbogbo ìyá sínú gúrúùpù tuntun, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ti wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n kà á fún òun. Màámi wá awò ojú, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ṣàdúà fún un.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, "màámi" ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí lórí WhatsApp: àwọn wà ní ọsibítù, ₦80,000, ẹ má pè, fóònù ò gbọ́hùn dáadáa. Àbúrò wọn ní Àjàṣẹ́-Ìpo ti sanwó. Èmi náà ti ṣí áàpù báǹkì, àfi bí mo ṣe rí i pé orúkọ tí wọ́n sọ mí gan-an ni wọ́n fi pè mí. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ìbejì, màámi ò pe orúkọ yẹn mọ́. Kí ni ṣíṣe?

Ọmọ Ọ̀fà, Leeds
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bá olè yẹn tahùn síra yín, àsìkò lẹ ń fi ṣòfò. Kí ẹnìkan nílé mú fóònù tí síìmù Màámi wà nínú ẹ̀, kó yọ WhatsApp kúrò, kó tún gbé e sórí ẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà wọn sí i. Kóòdù tuntun, bíi nọ́ńbà mẹ́fà tí Màámi kà yẹn, á wọlé. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, olè náà jáde nìyẹn.

Tó bá tún béèrè PIN tẹ́ ẹ ò mọ̀, olè ló fi í síbẹ̀. Ọjọ́ 7 lẹ máa dúró kẹ́ ẹ tó lè wọlé láìsí PIN, àmọ́ ìta lòun náà máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi PIN tiyín sí i: Settings, Account, Two-step verification. Ẹ fi íméèlì yín tì í o, torí Màámi á gbàgbé PIN. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi ti gbàgbé.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe é, mò ń wò ó lórí fídíò. PIN wà níbẹ̀ lóòótọ́. Màámi ò jẹun látàárọ̀. Ojú ń tì wọ́n.

Alfa, Houston
Sàlámù àlékúmù. Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì rí.

Kí ọmọ yẹn tẹ *#21# lórí fóònù wọn. Tó bá rí i pé ìpè ń lọ sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ò mọ̀, kó tẹ ##002# kó fi pa á rẹ́. WhatsApp lè pe èèyàn kó ka kóòdù fún un létí. Ẹni tó bá ti darí ìpè Màámi sọ́dọ̀ ara ẹ̀, kò nílò kí wọ́n ka nǹkan kan fún un mọ́.

Kí àbúrò wọn pe báǹkì lónìí, kó má di ọ̀la. Owó tí olè ò tíì kó kúrò nínú àkáǹtì ni wọ́n lè dá dúró. Ẹ fi PIN sí síìmù fúnra ẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó bá jí fóònù má kàn ki síìmù bọ inú tiẹ̀, kó wá máa gba kóòdù báǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú páálí síìmù, ibẹ̀ ni PUK wà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó bá tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta téèyàn bá ṣì í tẹ̀, síìmù á tì.

Ọmọ Ìgbómìnà, Toronto
Ẹ wo Linked devices náà, níbi tí WhatsApp ti ń to àwọn ẹ̀rọ mìíràn tẹ́ ẹ ṣí i sí. Mo ṣí WhatsApp sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan ní Òmù-Àrán nígbà tí mo lọ tẹ fọ́ọ̀mù, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Odindi oṣù méjì ni wọ́n fi ń ka gbogbo ohun tí ìyàwó mi ń kọ sí mi. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti owó iléèwé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ara mi ṣì ń bù máṣọ.

Àbá tèmi: kí ẹbí máa béèrè oríkì. Ẹni tí ò bá mọ oríkì rẹ, olè ni.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ̀gbọ́n, oríkì kẹ̀? Ṣebí abẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí yín ló wà lórí Facebook, tòun ti ọdún tí wọ́n bí yín. Bí ẹ bá ní kí ará Ọ̀fà yan password báyìí, "ìjàkadì" ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ohùn pàápàá, wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà sín in jẹ.

Àwa náà la sì ń tú ara wa síta. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan ya páspọ́ọ̀tù ẹ̀ sínú gúrúùpù yìí torí ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ eVisa. Nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹ̀ pátá. Ta ló mọ gbogbo wa níbí? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ rí ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìbéèrè.

Bàbá Àgbà, London
Àtẹ̀jíṣẹ́ jìbìtì ní UK, ẹ fi ránṣẹ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá pè pé báǹkì lòun, ẹ gé ìpè náà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pe 159, nọ́ńbà tó ń so èèyàn pọ̀ mọ́ báǹkì ẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Màámi ti padà sórí WhatsApp lẹ́yìn ọjọ́ 7. Owó Àjàṣẹ́ ò padà. A yan ìbéèrè wa lórí fídíò: nǹkan tó jábọ́ sínú kànga wa lọ́jọ́ Iléyá kan, nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwa márùn-ún péré la wà nílé lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ yìí màámi pè mí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní, "Kí ló jábọ́ sínú kànga?"

Mo dáhùn kí wọ́n tó jẹ́ kí n kí wọn. Ẹ má bi mí léèrè níbí o.