Àyanpọ́n: kí la ó máa pe àlùbọ́sà oníwàràkàṣì tó ti inú ààrò jáde?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. N ò tètè dá sí i torí mo fẹ́ se oúnjẹ náà fúnra mi kí n tó bá wọn fún un lórúkọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: àbúrò wa obìnrin kan gé àlùbọ́sà ńláńlá ní róbótó, ó tò ó sínú àwo, ó fi bọ́tà àti chíìsì bò ó, ó gbé e sínú ààrò títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá béèrè pé kí ni Yorùbá yóò máa pè é. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin ní “àlùbọ́sà oníwàrà” ni. Àbúrò tó wà ní Kùtọnu ní Faransé ti sọ ọ́ lórúkọ, gratin, ká kọ ọ́ ní “gíráàtẹ̀n” kó parí. Ẹnì kẹta ní ká pè é ní “àlùbọ́sà Tennessee”, torí orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é nìyẹn, ìpínlẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn ni Tennessee.

Ti ẹnì kẹta yìí ni n ó kọ́kọ́ mú, òun ló yá jù. Kò sóhun tó burú nínú kí oúnjẹ máa jẹ́ orúkọ ibi tó ti wá. Ẹ̀wà Agọnyìn ń bẹ, gàrí Ìjẹ̀bú ń bẹ, Ọ̀fadà kò tiẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni fi ìrẹsì kún orúkọ òun mọ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìpínlẹ̀ Georgia ni mò ń gbé, ibẹ̀ sì ni àlùbọ́sà tó yẹ oúnjẹ yìí jù lọ ti ń wá. Vidalia lorúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú kan náà ni. Ní 1931 ni àgbẹ̀ kan lágbègbè ibẹ̀, Moses Coleman, rí i pé àlùbọ́sà tí òun gbìn kò ta. Ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ kò ní imí-ọjọ́ púpọ̀, imí-ọjọ́ sì ni àlùbọ́sà fi ń ṣe ohun tó ń ta wá lójú. Nígbà tó di 1986 ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin pé èyí tí kò bá hù ní àgbègbè tí òfin kà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ Vidalia. Ní 1990 wọ́n fi í ṣe ewébẹ̀ ìpínlẹ̀. Georgia gbin àlùbọ́sà, ó fi òfin ṣọ́ ọ, Tennessee wá gba orúkọ oúnjẹ lọ.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ oúnjẹ yìí nìkan là ń wá orúkọ fún, mo fara mọ́ “àlùbọ́sà Tennessee”. Ṣùgbọ́n lọ́la ẹ ó tún se ọ̀dùnkún bẹ́ẹ̀, lọ́tùn-únla ẹ ó se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa gba gbogbo wọn là ń wá.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹnì kan túmọ̀ irú àlùbọ́sà yìí sí “àlùbọ́sà dídùn”. Kò ṣì í, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ nǹkan kan. Dídùn wa gba ṣúgà, ó gba ọbẹ̀, ó gba orin. Ẹ dé ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn kí ẹ ní àlùbọ́sà dídùn lẹ wá rà, ẹni tó ń tà á á bi yín pé èwo nínú tòun ni kò dùn. “Àlùbọ́sà tí kì í ta” ni kí ẹ wí, ẹ ti gbà á tán.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi ará Ìlọrin. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, wàrà kọ́ ni nǹkan yìí. Wàrà tí èmi àti ẹ̀yin jọ mọ̀, àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bòmubòmu sí i, á dì, wọ́n á jẹ́ kó hó dáadáa, wọ́n á wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi rẹ̀ ro. Àbúrò wa ní Kùtọnu á mọ̀ ọ́n sí wàgàṣì, èyí tí wọ́n máa ń fi pòròpórò okà bàbà pa láró pupa. Ẹ dín wàrà yìí: ara rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á funfun. Kò ní yọ́. Iná ti rí gbogbo ohun tó fẹ́ rí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é.

Mo dán an wò kí n má baà sọ̀rọ̀ lásán. N ò rí ewé bòmubòmu níhìn-ín, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dì mílíìkì, mo sè é, mo fún omi rẹ̀ dà nù, mo rún un sórí àlùbọ́sà, mo gbé e sínú ààrò. Nígbà tí mo gbé e jáde, àlùbọ́sà wà lọ́tọ̀, wàrà wà lọ́tọ̀, bí èrò méjì nínú ọkọ̀ tí wọn ò kí ara wọn. Ó ṣe é jẹ o. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àbúrò wa sè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni pé wàrà fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Nínú Bíbélì, ilẹ̀ tí ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin, ohun tó ń ṣàn ni. Lójà Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, ohun tó dì ni, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ wá wo ìwé Jóòbù orí 10 ẹsẹ 10: Jóòbù ní Ọlọ́run da òun jáde bí wàrà, ó sì mú òun dì bí wàràkàṣì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ẹsẹ kan, èyí tó ń ṣàn àti èyí tó dì. Wọ́n ti bá wa la ìjà yìí kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọjà ló yí i padà.

Ọjà kì í gba àtúnṣe, nítorí náà ohun tí mo rò nìyí. Èyí tó ń ṣàn, ẹ jẹ́ ká fi mílíìkì sílẹ̀ fún un, gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tó dì tí kì í yọ́, wàrà ni. Èyí tí wọ́n dì tí wọ́n tún gbé pa mọ́ kó gbó, irú èyí tó ti ìlú Cheddar wá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń yọ́ bí iná bá kàn án, wàràkàṣì ni kó máa jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń sọ pé chíìsì, kò sí ẹni tó máa gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ ó rí i pé bí a bá tẹ̀ lé ìlànà mi yìí, halloumi tí wọ́n ń ṣe ní Kípírọ́sì, tó máa ń pọ́n lórí iná tí kì í yọ́, wàrà ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ halloumi díndín tó sì ti jẹ wàrà díndín kò ní bá mi jà.

Ó ku ìṣe iná, òun gan-an lọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó dára, ká lè mọ ohun tí à ń sọ lórúkọ. Àlùbọ́sà Vidalia mẹ́rin, mo gé e ní róbótó, nínípọn rẹ̀ kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Mo tú òrùka rẹ̀ sínú àwo ńlá, mo bu iyọ̀ sí i, ata gígún díẹ̀, aáyù lílọ̀, mo gé bọ́tà ṣíbí mẹ́rin sí i káàkiri. Mo rin wàràkàṣì oríṣi méjì bò ó mọ́lẹ̀. (Ẹ rin ín fúnra yín. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá, wọ́n ti da ìyẹ̀fun mọ́ ọn kó má lẹ̀ pọ̀, kì í yọ́ dáadáa.) Ààrò ti gbóná tó 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo fi fọ́ìlì bo ojú àwo, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ṣí i, ó tún lo ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wo ló bá èyí mu? Wọ́n ti dárúkọ sun, yan, dín àti sè. Dín ń fẹ́ òróró, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Sun ni ti iṣu àti àgbàdo, ohun tó fojú kan ẹyin iná. Yan ni ti ẹ̀pà, ti gàrí, ti ẹja: ooru gbígbẹ ló ń gbá a, kì í ṣe omi, kì í ṣe òróró. Inú ààrò, yan ni. Ẹnì kan wá sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí fọ́ìlì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe yíyan, àlùbọ́sà ń fi omi ara rẹ̀ se ara rẹ̀ ni. Òtítọ́ ni. Bí mo ṣe ṣí fọ́ìlì, omi ló wà nídìí àwo, funfun ni gbogbo rẹ̀, kò tíì fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsun. Wọ́n á sun ẹran ewúrẹ́ tán, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tún fi ata àti àlùbọ́sà yí i nínú ìkòkò. Orúkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ìkòkò. Iná tó fún un ní adùn rẹ̀ ló ń jẹ́.

Àbúrò mi ní Kùtọnu, gratin tí ẹ fẹ́ ká yá yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú gratter ló ti jáde, èyí tí àwa ń pè ní họ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ àwo, tí wọ́n gbọ́dọ̀ họ kó tó kúrò, òun ni gratin níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìjà tí àwọn ọmọ ń jà lórí ìdí ìkòkò ìrẹsì. Lónìí ojú àwo tó pọ́n ni Faransé ń fi í pè. Bí Faransé bá lè gbé ọ̀rọ̀ kúrò nídìí àwo wá sójú àwo, kí ló dé tí àwa ò lè wo ojú àwo tààrà kí á sọ ohun tí a rí? Ohun tí mo rí ni pé ó pọ́n.

Mo jókòó ti yan àti pọ́n títí, àfi bí ẹni pé òwe kan ń pè mí láti ẹ̀yìn: “Àyangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí la ó jẹ kí ajá tó gbẹ?” Àyangbẹ! Ohun tí a yan títí tó fi gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwa ń wá gíráàtẹ̀n kiri. Àgúnmu wà níbẹ̀, àsèjẹ wà níbẹ̀, àdàlú tí à ń jẹ láàárọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà jáde. Bí a bá yan nǹkan tó gbẹ, àyangbẹ ni. Bí a bá yan án tó pọ́n, àyanpọ́n ni. Àlùbọ́sà àyanpọ́n. Ọ̀dùnkún àyanpọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ lè fi “oníwàràkàṣì” kún un, orúkọ á gùn, ṣùgbọ́n a kì í sanwó fún gígùn ọ̀rọ̀.

Mo ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa á sọ, pé pọ́n náà ni à ń lò fún ọ̀bẹ. Ẹni tó bá gbọ́ àyanpọ́n tó ro ọ̀bẹ, ó ti pẹ́ tó ti jẹun gbẹ̀yìn. Ẹlòmíì á ní búrẹ́dì náà ń pọ́n nínú ààrò, ṣé àyanpọ́n lòun náà? Búrẹ́dì ti ní orúkọ tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ààrò tí mo sì ń kọ látòkè wá yìí, mo mọ̀ pé òkúta mẹ́ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé bàbá wa. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ti ń fi í pe tiwọn. Ó sàn ju kí n kọ “ófùn”, kí ẹnì kan kà á sí ọ̀fun, kí ó wá rò pé mo yan àlùbọ́sà nínú ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹni tó sì ní ká má ṣe yá ọ̀rọ̀ kankan rárá, ẹ rántí pé àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, Lárúbáwá ni, Haúsá ló bá wa gbà á wá. Bí a bá lé gbogbo àlejò jáde, àwo òfìfo la ó gbé sínú ààrò.

Lálẹ́ àná mo pe màmá mi lórí fóònù láti fi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ní, “Mà, mo se àlùbọ́sà àyanpọ́n.” Wọ́n ní, “Kí lo yan tó pọ́n? Àlùbọ́sà kẹ̀?” Ó ti yé wọn, n ò ṣàlàyé. Mo ní mo fi wàràkàṣì sí i. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Wàràkàṣì wo? Èyí tí Dáfídì gbé lọ fún ọ̀gá àwọn ológun?” Mo ní òun náà ni. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Mo ṣí kámẹ́rà, mo fi ṣíbí bù ú sókè, wàràkàṣì ń tẹ̀ lé ṣíbí bọ̀ láti inú àwo, kò fẹ́ já.

“Háà! Ó ń fà! Ta ló ní kó o fi ewédú sí i?”

Fífà. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá nìyẹn láti fi ya wàràkàṣì sọ́tọ̀ kúrò lára wàrà, n ò sì rántí ewédú. Ẹ̀gbọ́n mi ará Ìlọrin, èwo nínú wàrà yín ló ń fà?