Kí ló dé tí wọ́n fi ní tá a bá fi 3 pín -7, 2 ló máa ṣẹ́kù?

Àkẹ́kọ̀ọ́kúndùn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ dákun. Mò ń dá kọ́ nípa odidi nọ́ńbà ni, àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, gbogbo ẹ̀ ti yé mi, títí kan àwọn tó ní máínọ́ọ̀sì, mo wá ní kí n bọ́ sórí number theory, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí odidi nọ́ńbà ṣe ń ṣe síra wọn, àfi bí mo ṣe rí i níbẹ̀ pé tá a bá fi 3 pín -7, 2 ló máa ṣẹ́kù. Báwo? 3 lọ́nà -2 jẹ́ -6, ṣé kì í ṣe -1 ló kù ni? Àti pé ibo gan-an lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí prime, prime ṣáá ni wọ́n ń pariwo, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù.

BàbáOníṣirò: Àdéhùn ni o. Wọ́n ní àṣẹ́kù ò gbọdọ̀ kéré sí 0, kò sì gbọdọ̀ tó nọ́ńbà tá a fi ń pín. Torí náà 3 lọ́nà -3 lẹ máa mú, ìyẹn -9, ẹ wá fi 2 kún un, ó di -7. Ẹ wo -7, -4, -1, 2, 5, 8: 3-3 ló wà láàárín wọn, 2 sì ni gbogbo wọn ń ṣẹ́kù, ọmọ ìyá ni wọ́n. Tá a bá ní -1 ni ti -7, tá a tún ní 2 ni ti 8, kò ní hàn mọ́ pé wọ́n tan. Kọ̀ǹpútà gan-an ò fẹnu kò lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ -7 % 3 (àmì % ló ń béèrè àṣẹ́kù) nínú Python, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, á fún yín ní 2, nínú C tóun náà jẹ́ irú èdè bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí -1.

Ṣéyẹ́: Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi prime sílẹ̀ ná. Ẹ wá nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín 252 àti 105 láìṣẹ́kù. Ẹ fi 105 pín 252, ó ku 42, ẹ fi 42 pín 105, ó ku 21, ẹ fi 21 pín 42, kò ku nǹkan kan, 21 nìyẹn. Ohun tó bá lè pín méjèèjì, dandan ni kó pín àṣẹ́kù wọn náà, òun ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní 2000 ọdún tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ o.

Olóòótọ́_ọ̀rọ̀: Kí ló fẹ́ mú kó fi prime sílẹ̀? Euclid yẹn náà ló fi hàn pé wọn ò lópin, kò sì le: ẹ sọ àwọn tẹ́ ẹ bá mọ̀ di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, kò sí ìkankan nínú wọn tó máa lè pín in tí ò ní ṣẹ́ 1 kù, bẹ́ẹ̀ prime kan gbọ́dọ̀ pín in, ìyẹn ni pé prime míì wà tẹ́ ò tíì kà. Àmọ́ ẹ má gbà fáwọn tó ń sọ pé èsì yẹn fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ prime, 2×3×5×7×11×13 + 1 jẹ́ 30031, 59 lọ́nà 509 sì ni.

Àkẹ́kọ̀ọ́kúndùn: Áà! Ṣé torí pé 10 ń ṣẹ́ 1 kù tá a bá fi 9 pín in la ṣe ń ro àwọn nọ́ńbà inú 4725 pọ̀, 4+7+2+5 = 18, tá a wá mọ̀ pé 9 pín in?

BàbáOníṣirò: Òun gan-an. 100 àti 1000 náà, 1 ni wọ́n ń ṣẹ́kù. Ẹ wá gbé ti 11 wò: 10 fi 1 dín sí i, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ fi kún, ẹ yọ, ẹ fi kún, ẹ yọ. 2728: 8-2+7-2 = 11. 11 pín ìyẹn, torí náà ó máa pín 2728 náà. Ẹ pín in wò.