Mi ò ṣe ẹ̀sìn kankan, ṣé ó bójú mu kí n lọ bá àwọn ẹlẹ́sìn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun?

Alárìnkiri:
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò sí nínú ẹ̀sìn kankan mọ́, kì í ṣe pé mo ń bá ẹnikẹ́ni jà o, ìgbàgbọ́ yẹn náà ni ò sí nínú mi mọ́, ohun tí mo dì mú báyìí ò ju pé èèyàn ló ń gba èèyàn sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé tí mo bá ti rìnrìn àjò, tí mo ní kí n wá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìjọsìn ni mo máa ń bá a. Àwọn onígbàgbọ́ ló ń jí ní kùtùkùtù, àwa tá a ní èèyàn la gbà gbọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì la wà tí à ń jiyàn.

Mò ń lọ sí Íńdíà, mo sì fẹ́ dé Amritsar, níbi Harmandir Sahib, tẹ́ńpìlì oníwúrà àwọn Sikh, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Íńdíà, mo gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè wọ kíṣìnnì wọn lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn ni tí mo bá fi aṣọ borí bíi tiwọn, tí mo jókòó sáàárín wọn, tí wọ́n sì rò pé ara wọn ni mí? Tí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mo gbà gbọ́ ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí n panu mọ́ kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ. Ọkàn mi ò gbà á.

ỌlọwọỌṣẹ:
Bọ̀dá Alárìnkiri, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ṣe é rí. Kẹ́ ẹ tó wọlé ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó borí (aṣọ ìborí wà níbẹ̀ tẹ́ ò bá ní), ẹ ó fẹsẹ̀ gba inú omi kan tí ò jìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe èyí, kò sọ ẹnikẹ́ni di Sikh, ọ̀wọ̀ ilé onílé ni. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni tẹ́ńpìlì yẹn ní, wọ́n á sọ fún yín fúnra wọn pé torí kí gbogbo èèyàn lè wọlé ni. Àwọn tó ń foríbalẹ̀ níwájú ìwé mímọ́ wọn á foríbalẹ̀, tọ́kàn yín ò bá gbà á ẹ kàn dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó máa tẹ ọrùn yín mọ́lẹ̀.

Kíṣìnnì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Langar ni wọ́n ń pè é, látìgbà Guru Nanak tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, tọ̀sán tòru ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jẹun níbẹ̀ lójúmọ́, ọ̀fẹ́. Ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń jókòó sí ní ìlà gbọọrọ, àti olówó àti tálákà, ọwọ́ méjèèjì lẹ ó sì fi gba roti yín, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn. Ibi àwo ni wọ́n fi èmi sí. Àwo irin ni gbogbo ẹ̀, ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín, àwọn kan ń gbọn ìyókù oúnjẹ dànù, àwọn kan ń fọ̀ ọ́, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á tún un fọ̀, omi ọṣẹ á dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò bi mí ní nǹkan kan, àwo tí ò bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ń tì padà síwájú mi. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ráyè bi ara yín nípa ọ̀run?

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti ìyàwó yín o. Tẹ́nì kan bá fẹ́ mọ̀, ẹ sọ fún un. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí nígbà tá a jókòó mu tíì, mo ní mi ò gba Ọlọ́run gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé màá wá lọ́la.

ẸlẹsẹKanÌlú:
Ibi tó ti máa ń le ni ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rin Camino, ọ̀nà ìrìn àjò mímọ́ àwọn Kristẹni ní Sípéènì, dé ìlú Santiago de Compostela. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà tó kẹ́yìn, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, Compostela, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé kí ló gbé yín rìn, ṣé ti ẹ̀sìn ni àbí ìdí míì. Àwọn kan tá a jọ rìn, tí wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe yẹ̀yẹ́ látọ̀nà jínjìn, nígbà tí wọ́n dé orí káńtà ni wọ́n di ẹlẹ́sìn torí ìwé tí wọ́n fi èdè Látìn kọ. Èmi sọ tèmi bó ṣe rí, wọ́n fún mi níwèé míì, ó parí.

Àwọn tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àwọn hospitalero tó ń tọ́jú ilé ìsùn lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ti rin ọ̀nà náà rí, wọ́n wá padà wá sin ẹlòmíì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láìgbowó. Màmá kan gbé ẹsẹ̀ mi ka itan ara ẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti rùn o, ó fabẹ́rẹ́ tú omi inú ibi tó lé, ó fi báńdéèjì dì í. Ó ń ṣàdúrà lálẹ́, mo jókòó tì í, mi ò ṣe àmín, kò sì bi mí.

MiòGbà:
Ó dáa, àmọ́ ọkàn ẹni tó lọ sìn ni gbogbo yín ń sọ, ẹ ò tíì dárúkọ ẹni tí wọ́n ń sìn. Ẹ wo Cambodia, àwọn arìnrìn-àjò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti bá ọmọ aláìlóbìí ṣeré, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó wà nílé yẹn ló lóbìí láyé, wọ́n kó wọn jọ torí àlejò tó ń mówó wá ni. Àti onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ ló ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere. Torí náà èmi ò bìkítà ohun tẹ́ ẹ gbà gbọ́, ohun tí màá bi yín ni pé tẹ́ ò bá lọ, ṣé iṣẹ́ yẹn á ṣì wà? Àwo fífọ̀ ní Amritsar yege, torí bẹ́ ẹ wá o, bẹ́ ò wá o, wọ́n á fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Alárìnkiri, ẹ tún bu àwa aláìgbàgbọ́ kù. Ní Netherlands, àwọn humanist, ìyẹn àwọn tó gbà pé èèyàn ló ń gba èèyàn sílẹ̀ bíi tiyín, ní agbaninímọ̀ràn tiwọn nínú iṣẹ́ ológun, lẹ́wọ̀n àti lọ́sibítù, tó ń jókòó ti aláìsàn bí àlùfáà ṣe ń ṣe, Amsterdam náà ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé wọn sílẹ̀ ní 1952. Iṣẹ́ wà, kò kàn ní ilé gogoro lórí táwọn àlejò á máa ya fọ́tò ni.

Alárìnkiri:
Ẹ ṣé gan-an. MiòGbà, mo gba ti ìbúkù yẹn, àmọ́ ti pé ọkàn èèyàn ò ṣe pàtàkì, a ó ṣì jà á. ỌlọwọỌṣẹ, ṣé wọ́n máa ń forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ni? Ṣé fóòmù wà?

ỌlọwọỌṣẹ:
Fóòmù kẹ̀! Ẹ kàn wọlé, ẹ wo ibi tí èèyàn ò ti tó, ẹ jókòó. Tó bá jẹ́ ibi àlùbọ́sà ni wọ́n fi yín sí, ojú yín á ta o. Ẹ má mú sìgá dání rárá.