Ọjọ́ 21 pẹ̀lú tẹmómítà lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìtòsí Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tiwa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí wọ́n ń sun igbó, inú ilé ni èkúté ń sá wá. Àsìkò yẹn ni ibà Lassa, àrùn tí èkúté ń kó ran èèyàn, máa ń ṣọṣẹ́.

Ibà mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ilé ìwòsàn aládàáni kan fún un lóògùn ibà, kò lọ. Wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò lọ. Lọ́jọ́ kẹfà ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lérìgì rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì ló pè mí. A ti kọ́ wọn pé ibà tí kò bá gbọ́ oògùn, kí wọ́n pè wá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ibà yìí ò jọ èyí tí mo mọ̀."

A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dì í ní ìdì mẹ́ta, ó wọ kúlà, ó di Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún Lassa. Lassa ni. Wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní oògùn ribavirin, ó yè.

Ìgbà yẹn niṣẹ́ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àrùn yìí lè fara pamọ́ sára èèyàn tó ọjọ́ 21. Ẹni 14 ló fọwọ́ kan ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń wọn ìgbóná ara wọn. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn aládùúgbò ti rí jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọ ańkárá, mo jókòó tì í nídìí agbada gààrí, a sọ̀rọ̀ títí ó fi nawọ́ gba tẹmómítà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ara àbúrò ọmọ náà di 38.4. Kò tíì bì, ojú ò tíì wú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lassa ni òun náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tètè bá a, kò sì jìyà tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ká Ẹ̀bólà mọ́ lọ́dún 2014 ní Èkó àti Port Harcourt: nǹkan bí 900 èèyàn ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, ẹni 20 ló ní in, 8 kú. Ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ṣe é.

Ẹnì kan nínú àwọn 14 mi ti lọ sí Kétu, ní Benin, nídìí òwò. Mo wá nọ́mbà títí mo fi rí nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀. Yorùbá la jọ sọ, kò sí Faransé, kò sí Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ń wọn ìgbóná ara ọkùnrin náà, ó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lójoojúmọ́. Lẹ́tà tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè wá lórí ọ̀rọ̀ náà dé nígbà tí ọkùnrin náà ti padà sílé.

Nọ́mbà nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà nínú fóònù mi. Inú fóònù mi nìkan ló wà, ìyẹn ló ń dùn mí. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ni ẹni tó bá gbapò mi máa pè?