Ta ló ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, tó tún jẹ ọ̀gá lówó?

Láti Adó-Èkìtì:

Ilé búrẹ́dì kan ní apá Ìjìgbò ni mo ti ń kọ ìwé owó. ₦60,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Nígbà tí màmá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, Màdáámù yá mi lówó láìjanpata, a sì jọ fẹnu kò pé kó máa yọ ₦20,000 lóṣooṣù. Kí á má purọ́, obìnrin náà láàánú. Àfi bí fúláwà ṣe gbówó lórí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ₦35,000, kò tiẹ̀ bi mí. Kí ni kí n fi ₦25,000 ṣe l'Ádòó yìí?

Iṣẹ́ yọjú ní Àkúrẹ́, wọ́n ní Mọ́ńdè ni kí n wọlé. Mo kó ìwé owó lé ẹni tó ń tajà lọ́wọ́, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Màdáámù, mo bá tèmi lọ. N kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Àfi bí àbúrò bàbá mi tó ṣe oníduùró fún mi ṣe pè mí láti Ìkọ̀lé pé àwọn ọlọ́pàá ń wá òun. Bàbá àgbàlagbà! Lọ́yà kan ní ìjọ wọn ló bá wọn lọ sí tẹ́ṣàn. Ó ṣí Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, fún wọn: wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Wọ́n ní ká lọ yanjú ẹ̀ nílé.

Lọ́yà yìí náà kò gbè mí o. Ó ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ó yẹ kó kọ̀wé sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ó kọjú sí Màdáámù, ó ní òfin òṣìṣẹ́ kò gbà kí wọ́n yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹ̀yìn páálí yíìsì ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀: gbèsè tó kù, ₦80,000, owó ọ̀sẹ̀ kan tí n kò kọ̀wé, ₦15,000, ẹ yọ ìdajì owó oṣù mi tó wà lọ́wọ́ Màdáámù, ₦30,000. Ó ku ₦65,000. Mo san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, mo sì gba ìwé pé mo ti san án tán. Ẹ gba ìwé o!

Láti Ìyìn:

Ọ̀gá lèmi. Adìyẹ ni mo ń sìn. Ọmọ tó ń bá mi tọ́jú wọn gba owó oṣù méjì sílẹ̀, ló bá fòru lọ. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó. Owó kọ́ ló dùn mí. Ìrìn àjò ni mo wà. Kí n tó dé lọ́sàn-án, ike omi ti gbẹ táútáú, àwọn adìyẹ lanu sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. A kó òkú lọ́jọ́ náà. Ká ní ó pè mí lálẹ́ pé, "Bọ̀dá, mo ń lọ o," màá bínú, màá ṣépè díẹ̀ pàápàá, àmọ́ màá rán ẹnì kan lọ fún wọn lómi. Ó ti ń san owó náà báyìí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún.

Láti Ìdó:

Tèmi yàtọ̀. Iléèwé aládàáni tí mo ti ń kọ́mọ jẹ mí lówó oṣù, èmi náà sì jẹ wọ́n lówó tí mo yá. Ọ̀gá ní n kò gbọdọ̀ lọ láìsan án. Mo ní kó yọ ọ́ nínú tèmi, kó sì fún mi ní ṣéńjì. Ẹ̀rín ló bú sí. A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.