Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n fẹ́ fi owó ra máàkì ní iléèwé ọmọ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Iléṣà ni mo wà, ọmọ mi wà ní JSS2 ní iléèwé ìjọba kan. Wọ́n ń kówó jọ láti tún òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì ṣe, wọ́n wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì ìtọrẹ. Ìyẹn ò bí mi nínú. Òrùlé náà ń jò lóòótọ́. Ohun tó ń ká mi lára ni pé olùkọ́ ní ẹni tó bá kówó kún káàdì rẹ̀ yóò gba máàkì 10 kún CA (máàkì iṣẹ́ àárín sáà) Basic Science.

Ọmọ olówó á ti kún tiẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà ńkọ́? Ṣé òun ni kò mọ sáyẹ́ǹsì ni? Òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ títí dé JSS3 níléèwé ìjọba. Ṣé èyí ò ta ko òfin náà?

Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá: ọ̀gá iléèwé ni àbí PTA? Mi ò fẹ́ kí olùkọ́ máa fojú ọ̀tá wo ọmọ mi o. Ẹ̀yin olùkọ́, báwo lẹ ṣe ń yin ọmọ tó ṣakitiyan láì fọwọ́ kan máàkì?